Búréèkì Kẹ̀kẹ́ Àwòdì

Bí èèyàn bá ga, tó tún gbẹ, tó wá jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ ló ń tún ṣe jẹun, kí ni àdúgbò ì bá tún máa pè é bí kò ṣe Sípóòkì? Orúkọ náà bá a lára mu débi pé ìyàwó tó ti fẹ́ rí, kí ó tó kó ẹrù rẹ̀ lọ, òun náà kò pè é ní nǹkan míì. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ: ilẹ̀kùn onírin níwájú, fèrèsé kékeré kan lẹ́yìn, táyà tó rọ̀ kítikìti lókè àjà. Oníbàárà tó bá wọlé yóò kọ́kọ́ forí gbá táyà kí ó tó kí ọ̀gá. Sípóòkì fúnra rẹ̀ ti mọ bí wọ́n ṣe ń tẹrí ba kọjá lábẹ́ wọn, àṣà náà sì ti wọ̀ ọ́ lára tó fi jẹ́ pé ó máa ń tẹrí ba lójú títì gan-an, níbi tí kò sí ohunkóhun lókè ju ojú ọ̀run lọ.

Lọ́jọ́ tí à ń sọ yìí, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Ó ń fọ ṣéènì kan lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ igbe kan láti òkè títì. Igbe náà ga, ó tínrín, ó ń gbọ̀n, ó ń dúró, ó tún ń bẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá ń fi ṣíbí ha ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ajá kan dá a lóhùn. Kò sí irú igbe tí búréèkì kẹ̀kẹ́ lè ké tí Sípóòkì kò tíì gbọ́ rí, ṣùgbọ́n èyí mú kí ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú omi ọṣẹ. Ó yọjú síta. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń bọ̀, tó ń ti kẹ̀kẹ́ Àwòdì níwájú, tó sì ń tẹ búréèkì bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ má bàa fà á sáré.

Láti ọjọ́ tí Àwòdì ti kú, Sípóòkì kò tíì fojú kan kẹ̀kẹ́ náà.

Àwòdì ni àkọ́bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ náà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí bó ṣe máa ń já wálẹ̀ láti orí òkè lórí kẹ̀kẹ́, tí yóò na apá méjèèjì gbalaja bí ẹyẹ tó rí òròmọdìyẹ nílẹ̀. Ọmọ gidi ni. Kò sí ìyá arúgbó kan tó ru ẹrù kọjá ní títì yẹn tí kò bá a sọ̀ ọ́ rí. Ọjọ́ tó jáde iléèwé ni Sípóòkì fi kẹ̀kẹ́ yìí ta á lọ́rẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló tò ó: irú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń gun òkè, tí táyà rẹ̀ sanra, tó ní eyín lára. Àlòkù ni férémù rẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣírí, ṣùgbọ́n tuntun ni búréèkì rẹ̀, inú páálí ló ti jáde. Kì í ṣe irú búréèkì àtijọ́ tí rọ́bà ń fún etí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mọ́ra. Onídíìsì ni: irin pẹlẹbẹ róbótó kan, tó tó àwo kékeré, ló wà láàárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tó ń bá a yí, páàdì méjì sì dojú kọ ara wọn lọ́tùn-ún lósì rẹ̀. Bí èèyàn bá tẹ búréèkì, páàdì á há díìsì sáàárín, kẹ̀kẹ́ á dúró. Kò gba ọgbọ́n kan ju pé kí páàdì gbẹ, kí díìsì gbẹ, kí wọ́n sì ha ara wọn.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí eruku pọ̀, búréèkì náà bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Àwòdì ní òun á gbé e wá. Sípóòkì ní kò sí wàhálà, kó gbé e wá nígbà tó bá ráyè, pé búréèkì tó ń pariwo ṣì ń di kẹ̀kẹ́ mú. Wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Àwòdì gùn ún jáde, ó ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè ilé wọn lọ síbi iṣẹ́, kò sì rí kẹ̀kẹ́ náà dá dúró níbi tí títì ti ṣẹ́ kọ́nà nísàlẹ̀. Kẹ̀kẹ́ yọ̀ bọ́ lábẹ́ rẹ̀, ògiri ló dá òun fúnra rẹ̀ dúró. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Níbi ìsìnkú, lójú gbogbo ẹbí, ni ìyá Àwòdì ti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò pariwo. Ó kàn ní, “Ẹni tó fi irin àlòkù to kẹ̀kẹ́ fún ọmọ mi, kó má fọwọ́ kan erùpẹ̀ yìí o.” Sípóòkì gbé ṣọ́bìrì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíì, ó lọ dúró lẹ́yìn. Kí ló fẹ́ wí? Òun náà ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Láti ọjọ́ náà ló ti ń tú kẹ̀kẹ́ yìí nínú ọkàn rẹ̀, tó ń tú u, tó ń tò ó padà, tó ń wá nọ́ọ̀tì tí òun kò dè. Ó lè máa jẹun lọ́wọ́, kó ṣàdédé dúró, kó máa yí ọwọ́ lófuurufú bí ẹni tó di sípánà mú. Wọn ò sì jẹ́ kó rí kẹ̀kẹ́ náà yẹ̀ wò. Ìyá Àwòdì ti fi aṣọ bò ó mọ́ ẹ̀yìnkùlé, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tì í dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, Sípóòkì ò mọ èyí tí ì bá kọ́kọ́ kí nínú àwọn méjèèjì.

“Ẹ káàbọ̀, bọ̀ọ̀dá mi.”

“Àbúrò, báwo ni?” Ẹ̀gbọ́n forí gbá táyà, kò tiẹ̀ jọ pé ó mọ̀. “Iṣẹ́ ni mo gbé wá.”

Oní-máṣíìnì ni gbogbo ayé ń pe ẹ̀gbọ́n yìí. Ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń tún ṣe, iṣẹ́ tí bàbá wọn ṣe kú ni, ibẹ̀ sì ni àwọn méjèèjì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń di irinṣẹ́ mú, kí Sípóòkì tó yà sídìí kẹ̀kẹ́. Bàbá wọn ní ọ̀rọ̀ kan tó fi tọ́ wọn dàgbà: irin tó bá ń ké, epo ló ń tọrọ. Ilẹ̀kùn ké, epo. Bẹ́ẹ̀dì ké, epo. Nígbà kan tí ìyá wọn ní orúnkún òun ń dún ká-ká bí òun bá dìde, bàbá bojú wo kólòbó epo, ni ìyá bá ní ṣé orí rẹ̀ pé ṣá. Sípóòkì ti kọ̀wé sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ yẹn, nítorí kẹ̀kẹ́ ní ibi tó fẹ́ epo, ó sì ní ibi tí kò fẹ́. Ẹ̀gbọ́n ní tirẹ̀ kò yẹsẹ̀. Kólòbó epo máṣíìnì, ẹlẹ́nu gígùn, kì í kúrò lápò rẹ̀.

“Ọmọ mi obìnrin ti rí iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún,” ẹ̀gbọ́n ní. “Kílẹ̀ tó mọ́ ló gbọ́dọ̀ máa débẹ̀, kò sì sí ọkọ̀ lásìkò yẹn. Ó ní kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n òun lòun fẹ́ máa gùn.”

“Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Ṣé wọ́n gbà?”

“Ó sunkún títí, ó wá gbà. Àfi lánàá tí ọmọ náà gùn ún yí ẹ̀yìnkùlé po, tó tẹ búréèkì. O ṣáà gbọ́ bó ṣe ń ké. Àwo bọ́ lọ́wọ́ ìyá ẹ̀. Ó ní òun ò gbọdọ̀ gbọ́ igbe yẹn mọ́ nínú ilé òun, kí n gbé e fún ẹni tó máa pa á lẹ́nu mọ́.” Ó gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri. “N ò sọ fún un pé ọ̀dọ̀ rẹ ni mò ń bọ̀.”

“Ẹ fi sílẹ̀, bọ̀ọ̀dá mi. Màá ṣe é.”

“Mo mọ̀ pé wàá ṣe é. Màá padà wá lọ́la.” Ó fọwọ́ kan ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà bí ẹni tó ń fọwọ́ kan orí ọmọ, ó sì jáde, ó tún forí gbá táyà.

Sípóòkì fa ilẹ̀kùn onírin náà wálẹ̀ dé ìdajì. Ó dojú kẹ̀kẹ́ dé lórí ìjókòó rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀, ó tan iná, ó kúnlẹ̀. Kì í ṣe ariwo ló kọ́kọ́ wá. Iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló wá. Ó ní àṣà kan: bó bá ti de nọ́ọ̀tì kan tán, á fi ọ̀dà funfun fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti orí nọ́ọ̀tì wá sí ara irin, kó lè jẹ́ pé bí nọ́ọ̀tì náà bá tú díẹ̀ péré, ìlà náà á ṣẹ́. Ó gbé iná sún mọ́ ọn. Ti iwájú, ìlà kò ṣẹ́. Ti ẹ̀yìn, ìlà kò ṣẹ́. Ó fi sípánà dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n dúró gírígírí bó ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Wáyà kò já. Ilé páàdì kò mì. Kò sí nọ́ọ̀tì tí òun kò dè.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Ara rẹ̀ fúyẹ́ bí ara ẹni tí ibà fi sílẹ̀. Kì í ṣe òun. Ó sọ ọ́ jáde lẹ́nu pàápàá, fún àwọn táyà tó wà lókè: “Kì í ṣe èmi.”

Lẹ́yìn náà ló yọ páàdì.

Páàdì tó dára máa ń rí bí òkúta tí wọ́n yún, á gbẹ, á pọ́n tàbí kó rí bí eérú. Àwọn wọ̀nyí dúdú, wọ́n ń dán bí bàtà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, eruku sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ wọn bí ẹrẹ̀. Ó gbé ọ̀kan símú. Kò ní láti gbé e símú lẹ́ẹ̀kejì. Òórùn náà ni òórùn yàrá tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, òórùn ọwọ́ bàbá rẹ̀, òórùn epo tín-ín-rín tí wọ́n ń kán sínú ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó tú ti ẹ̀yìn. Bákan náà ni: epo ti gbẹ mọ́ eruku lójú wọn, òun ló tún ń ké.

Kò sí ẹlòmíì láyé tó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀lẹ á fi í sílẹ̀ kó máa pariwo. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ á gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ nìkan, tó sì jẹ́ ọmọ bàbá wọn, ló máa jí kílẹ̀ tó mọ́, kó fi sùúrù kán epo sára páàdì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó máa yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ títí irin á fi dákẹ́.

Kí á má purọ́ fún ara wa, ohun tó kọ́kọ́ wá sí Sípóòkì lọ́kàn kì í ṣe àánú. Ó bọ́ épírọ́ọ̀nù rẹ̀. Ó fi páàdì náà sínú bébà, ó ká a, ó dé ẹnu ilẹ̀kùn. Òun á lọ bá ìyá Àwòdì, òun á gbé e lé e lọ́wọ́, òun á ní kó gbóòórùn rẹ̀. Kó wá tún sọ ọ̀rọ̀ ṣọ́bìrì yẹn lójú ẹbí. Ọwọ́ rẹ̀ ti kan ilẹ̀kùn kó tó rántí ẹni tó máa wà nínú ilé náà nígbà tí òun bá ń sọ ọ́, ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kan ìjókòó kẹ̀kẹ́ bí orí ọmọ. Ó gbé bébà náà padà sídìí kẹ̀kẹ́.

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ní ń fọ́. Bí òun bá sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n òun parí. Bí òun kò bá sì sọ nǹkan kan, ọmọbìnrin á máa gun kẹ̀kẹ́ sọ̀ láti orí òkè kan náà, eruku á tún dé, búréèkì á tún ké, bàbá rẹ̀ á sì tún yọ kólòbó lápò. Sípóòkì rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Ní ìkẹyìn, ó ní òun á wá irọ́ kékeré kan: òun á ní irú búréèkì yìí, ẹni tó tò ó nìkan ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Irọ́ náà kò lágbára, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló máa kọ́kọ́ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ti ògiri.

Ó bọ́ sídìí iṣẹ́. Ó fi sípíríìtì nu díìsì méjèèjì títí aṣọ fi ń jáde ní funfun. Ó fi sáńpépà ha ojú wọn. Ó nu inú ilé páàdì. Páàdì tuntun ló wà nínú dúrọ́ọ̀, ó fi wọ́n sí i, ó sì ṣọ́ra kí ìka rẹ̀ má kan ojú wọn. Ti àtijọ́, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Ó kó wọn sínú agolo kan nítòsí fèrèsé, ó da sípíríìtì lé e, ó ṣáná sí i.

Èéfín dúdú yọ. Ó ń wò ó, kò gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó wọlé.

“Kí lò ń sun?”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ó ní ọ̀la lòun á padà wá, ṣùgbọ́n ta ló lè jókòó sílé lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀?

“Páàdì ni, bọ̀ọ̀dá mi. Ó ti jẹ.”

Ẹ̀gbọ́n fa imú. Ọkùnrin tó dàgbà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, tó ti gbóòórùn epo jíjó lára mọ́tò ẹ̀rọ tó gbóná lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, èéfín kan kò lè tan imú rẹ̀ jẹ.

“Epo mi nìyẹn,” ó ní.

“Èmi ni mo fi sí i. Mo fẹ́ fi fọ…”

“O ò ní epo yẹn níbí. Ìwọ lo máa ń sọ pé ó ṣàn jù fún ṣéènì.”

Irọ́ tí Sípóòkì ti ń kọ́ láti ọ̀sán wó lójú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fa àpótí kan, ó jókòó, ó ń wo iná inú agolo náà títí ó fi kú.

“Ó ṣì ń sùn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn,” ó ní. “Mo ní kí n ṣe é kó tó jí, kó kàn rí i pé kò pariwo mọ́. Mo dojú ẹ̀ dé. Mo kán an síwájú, mo kán an sẹ́yìn, mo ń yí i. Ó dákẹ́, àbúrò. Ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Inú mi dùn.”

Sípóòkì kò lè wò ó lójú.

“Nígbà tó ń lọ, ó ní, ‘Bàbá, mo ń lọ o.’ N ò sọ fún un pé mo fọwọ́ kàn án. Mo ní tó bá dé ìsàlẹ̀, á mọ̀.” Ó gbójú sókè. “Wò mí. Iṣẹ́ rẹ nìyí, má ṣàánú mi. Ṣé epo yẹn ló pa á?”

Sípóòkì lè purọ́ fún oníbàárà, ó sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ọwọ́ rẹ lé sípánà nígbà tí o wà ní kékeré, báwo lo ṣe fẹ́ purọ́ irin fún un?

“Bí epo bá ti kan páàdì, kì í lè di nǹkan mú mọ́, bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún yín.”

Wọ́n ní àgbà ọkùnrin kì í sunkún. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò sí ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n sunkún láìbojú, ẹnu rẹ̀ là, ohùn kò tètè jáde, àfi ìgbà tó jáde tí Sípóòkì fi yára fa ilẹ̀kùn náà wálẹ̀ tán. Ó kúnlẹ̀ tì í, ó di èjìká rẹ̀ mú. Òun náà sunkún.

Nígbà tó rọlẹ̀, ẹ̀gbọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nujú. “Má sọ fún ìyá wọn.”

“N ò ní sọ.”

“Gbọ́ mi ná. Ó gbà pé ìwọ ni. Jẹ́ kó máa gbà bẹ́ẹ̀. Mo mọ ohun tí mò ń bẹ̀ ẹ́ o, àbúrò. Ìwọ, bó o bá rí i lọ́nà, o lè yà. Èmi, yàrá kan náà la jọ ń sùn. Bó bá mọ̀, ta ló kù fún mi?”

Inú bí Sípóòkì. Inú bí i gan-an. Orúkọ tirẹ̀ kò wúlò, àbí? Nítorí pé kò níyàwó, kò bímọ, òun ni kí wọ́n máa di gbogbo ẹrù lé lórí? Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Àwọn àgbà kò sọ ohun tí òtítọ́ fẹ́ rí mú nínú ilé tí wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí àpótí, bó ṣe rún mọ́ra.

“Mo gbọ́, bọ̀ọ̀dá mi,” ó ní.

“N ò lè gbé kẹ̀kẹ́ yẹn mọ́. Bá mi gbé e wá sílé lọ́la.”

Lọ́jọ́ kejì, Sípóòkì parí èyí tó kù. Ó tú nọ́ọ̀tì méjì tó di ilé páàdì mú díẹ̀, ó tẹ búréèkì kí páàdì fúnra wọn wá àárín díìsì, ó dì í mọ́ bẹ́ẹ̀, ó tún nọ́ọ̀tì de, ó sì fa ìlà ọ̀dà tuntun sórí wọn. Ó gùn ún sókè sódò títì, ó ń sáré díẹ̀, ó ń tẹ búréèkì, ó ń sáré, ó ń tẹ̀ ẹ́, kí páàdì tuntun lè mọ ojú díìsì. Àwọn aládùúgbò ń wo ọkùnrin gígùn gbọọrọ lórí kẹ̀kẹ́ ọmọdé, orúnkún rẹ̀ ń kan àgbọ̀n. Ẹnì kan ní ṣé ó fẹ́ díje ni. Kẹ̀kẹ́ náà kò ké mọ́. Ó ń dúró níbi tí wọ́n bá ní kó dúró.

Ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọ ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọmọbìnrin náà ló bá níbẹ̀, ó ń sá aṣọ. Láti àná tí Sípóòkì ti gbọ́ pé ó ríṣẹ́ ló ti fẹ́ bá a ṣeré, ó sì gbìyànjú.

“Ìyá Oníbúrẹ́dì, wá gba ẹṣin rẹ.”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó gùn ún yípo, ó tẹ búréèkì, ó dúró lójú kan. Kò sí igbe.

“Ó dáa gan-an, bọ̀ọ̀dá.”

“Fetí sílẹ̀ dáadáa. Bó bá ké, gbé e wá fún mi. Bí kò bá di nǹkan mú, sọ̀ kalẹ̀, kó o máa tì í bọ̀ wá bá mi. Omi lè kan ibí yìí. Epo ò gbọdọ̀ kàn án láé. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kán epo sí i, ìbáà jẹ́ ta ni, sọ pé èmi ni mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀.”

“Kí lẹ sọ nípa epo?”

Ìyá Àwòdì ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Wọn kò tíì bára wọn sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú. Ó ti rù, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú.

“Mò ń kọ́ ọmọ ni, Àǹtí. Ẹ kú ilé.”

Ìyá Àwòdì yíjú sọ́mọ. Ó ní kí ọmọ wọlé lọ wo omi orí iná. Nígbà tí ilẹ̀kùn padé, ó sọ̀ kalẹ̀ wá bá a, ó dúró ní apá kejì kẹ̀kẹ́ náà. Láti iyàrá iwájú, wọ́n ń gbọ́ Oní-máṣíìnì tó ń yí ẹ̀rọ kan, tó ń dúró, tó tún ń yí i.

“Mo rí bọ̀ọ̀dá yín láàárọ̀ ọjọ́ yẹn,” ó ní, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. “Ojú fèrèsé yẹn ni mo wà. Ó dojú kẹ̀kẹ́ yìí dé, ó ń kán epo sí i. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo ní, ẹ wo bàbá tó fẹ́ràn ọmọ. Òun ò mọ̀ pé mo rí i, n ò sì sọ fún ẹnì kankan títí dòní.”

Sípóòkì di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú.

“Ẹ̀yin ni mo bú. Mo bú yín kí ọkàn mi má bàa lọ síbòmíì, ó sì ń lọ. N ò lè bá a jókòó jẹun mọ́. Màá gbé tiẹ̀ fún un, màá sá lọ. Bó bá nawọ́ sí abọ́, ọwọ́ yẹn ni mò ń wò.” Ó gbé ojú sókè. “Ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun. Ṣé epo yẹn ni?”

Ọ̀nà là sílẹ̀ báyìí. Òun kọ́ ló lọ tú àṣírí, obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló ń bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ òun. “Bẹ́ẹ̀ ni” péré, orúkọ òun á mọ́, òun á máa wọ ilé yìí bí ọmọ ilé. Ó fẹ́ ẹ. Nínú ilé, ẹ̀rọ ìránṣọ tún dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀.

“Epo kọ́,” ó ní.

“Epo kọ́?”

“Eruku ni epo máa ń fà, ìyẹn ni mo fi kìlọ̀ fún ọmọ; kò ní kí búréèkì má di nǹkan mú. Nọ́ọ̀tì ni, èyí tó di ilé páàdì mú. Mo rí i lánàá nígbà tí mo tú u. N ò dè é dáadáa. Èmi ni, Àǹtí. Ohun tẹ́ ẹ sọ lọ́jọ́ yẹn, òótọ́ ni.”

Obìnrin náà fọwọ́ di ògiri mú. Ó sunkún díẹ̀, ẹkún ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò sí ìbínú nínú rẹ̀ mọ́, ìyẹn gan-an ló mú kó dunni.

“Ẹ má wá sílé mi mọ́. Láyé mi, n ò fẹ́ rí yín.”

“Mo gbọ́, Àǹtí.”

Ó wọlé. Sípóòkì gbé kẹ̀kẹ́ náà ti ògiri, ó sì dán an wò bóyá ó dúró dáadáa. Láti inú ilé, ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń to abọ́, ó sì gbọ́ ohùn ìyá Àwòdì tó ń pe ọkọ rẹ̀. Ohùn náà rọ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́.

“Bàbá wọn, ẹ wá jẹun.”

“Ìwọ ńkọ́?”

“Mò ń dúró dè yín ni.”

Sípóòkì rọra pa géètì ẹ̀yìnkùlé dé, ó sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.